Ta Ló Ní Kó Dìde?

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa dé ibi tí orí wa kò bá wa dé. Àdúrà tí ìyá kan gbà fún ọmọbìnrin rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí ọmọ náà ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí òkèèrè. Ó kúnlẹ̀ láti dágbére, ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì kì í, bó ti máa ń kì í nígbàkígbà tí orúnkún ọmọ náà bá ti kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀:

"Arìnnàkore, ọmọ awakọ̀,
Ọmọ ẹni tó ń gun òkè tí òkè ń kí i kú ewu,
Ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́rẹ́ bí òjò ìrọ̀lẹ́.
Bó bá lọ, ilé a máa wọ̀nà,
Bó bá dé, ilé a máa jó."

Ó ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kí àmín náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń yún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dé òkèèrè tí kò lè dúró lójú kan. Yóò rí iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan, ìdí rẹ̀ kò ní í tíì móoru níbẹ̀ tí yóò fi wá òmíràn lọ. Níbì kan, àwo ló ń gbé. Níbì kan, àlùbọ́sà ló ń bó títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bíi ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Níbòmíràn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní kó dúró sí, kó máa kí àlejò káàbọ̀ ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ tán. Ibikíbi tó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa ń gbé báàgì rẹ̀ sí, pẹ̀lú gbogbo aṣọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá fẹ́ wọ aṣọ, yóò fa ọ̀kan yọ. Bó bá fọ̀ ọ́ tó gbẹ, yóò dá a padà síbẹ̀. Kò fi aṣọ kọ́ ara ògiri rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Oníbáàgì.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó ti kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé oúnjẹ tó wà ní òpópónà gígùn kan. "Ṣé ẹ ń wá òṣìṣẹ́?" Wọ́n á wo bàtà rẹ̀ tó ti mu omi, wọ́n á mi orí. Èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti ní kó gba ẹ̀yìn wọlé, kó lọ bá alásè.

Ó ti ilẹ̀kùn, ooru gbá a lójú. Ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí i nídìí iná, ó ń fi èdè ìlú náà jágbe mọ́ àwọn agbáwo, ohùn rẹ̀ le koko. Oníbáàgì ti ń ro ó bóyá kóun padà sínú òjò ni òróró gbígbóná ta sí ọkùnrin náà lápá.

"Yéè! Ìyá mi ò!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Oníbáàgì. Èèyàn lè fi èdè àjèjì pàṣẹ, ó lè fi ra ọjà, ṣùgbọ́n bí iná bá jó o, èdè ìyá rẹ̀ ni yóò fi ké.

Ọkùnrin náà yí padà. "Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ìyá yín náà ń ṣiṣẹ́ níbí ni."

Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń fọ àwo ní igun ilé rẹ́rìn-ín títí àwo fi yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọṣẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní Màmá Àwo. "Gbà á síṣẹ́, jọ̀ọ́! Ẹni tó lè fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó gbaṣẹ́, oníbàárà wo ló máa dẹ́rù bà á?"

Ọkùnrin náà wo báàgì tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. "Ṣé o ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí?"

"Mo ti ṣe é káàkiri, sà."

"Káàkiri. Kí ló dé tí o kò dúró níbì kankan?"

"Ẹsẹ̀ ló ń yún mi."

"Ẹsẹ̀ tó ń yún èèyàn là ń wá níbí. Ọbẹ̀ tútù kò ṣeé gbé fún àlejò. Gbé báàgì yẹn sílẹ̀."

Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

* * *

Ọlọ́bẹ̀ ni Màmá Àwo sọ ọkùnrin náà, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín àkókò tí àwọn tó jẹun ọ̀sán bá ti lọ tí àwọn ti ìrọ̀lẹ́ kò tíì dé, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dúró yí ìkòkò ká, wọ́n á jẹun. Ìgbà náà ni Ọlọ́bẹ̀ máa ń fi ṣíbí há ìdí ìkòkò, ibi tí ọbẹ̀ ti gbẹ mọ́ irin tó sì ń ta sánsán, yóò kó o sí abọ́ kékeré kan, yóò tì í sí ìwájú Oníbáàgì láìsọ̀rọ̀.

"Oníbáàgì," ni Màmá Àwo wí lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ ìkòkò níbí. Èmi náà fẹ́ràn ìdí ìkòkò. Ọkùnrin yẹn kò fún mi rí."

"Ẹ̀yin ni ẹ ò béèrè, Màmá."

"Ìwọ, ṣé o béèrè ni?"

Oníbáàgì tẹ orí ba, ó ń nu àwo tó ti gbẹ.

Ìfẹ́ kò bá Ọlọ́bẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bó bá dé láàárọ̀, kó tó dáná, kó tó bọ́ ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Ṣé báàgì náà ṣì wà níbẹ̀? Bó bá wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í já: kí ló dé tí kò tú u? "Bí mo bá sọ̀rọ̀, á gbé e lọ," ló máa ń sọ nínú ara rẹ̀. "Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, á ṣáà gbé e lọ náà ni." Iyọ̀ já lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oníbàárà dá ọbẹ̀ padà.

Màmá Àwo ló bá a dá sí i. "Ṣé o fẹ́ fi iyọ̀ pa wá ni? Lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Tàbí kí n bá ẹ sọ ọ́?"

"Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Màmá."

"Hẹn. Ẹ ń bẹ alárinà báyìí o. Bí ọkọ àtìyàwó bá mojú ara wọn tán, ẹ ó ní kí alárinà yẹ̀ba."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe la ọ̀nà. Nígbà tí Ọlọ́bẹ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àlùbọ́sà ló ń gé, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ ti àlùbọ́sà níbẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ kí o dúró."

Ẹsẹ̀ Oníbáàgì kan ń fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà, èkejì kọ̀, kò gbéra. "Bàbá mi wà láyé," ló fèsì. "Àwọn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

* * *

"Kí niṣẹ́ ẹ̀?" ni bàbá rẹ̀ bi í lórí fóònù.

"Alásè ni, Bàbá."

"Alásè! Àwọn àgbà ní ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ. Bó bá wá jẹ́ ọkọ fúnra ẹ̀ ni ọlọ́bẹ̀, ìwọ wá ńkọ́? Ṣé àlejò lo máa jẹ́ nínú ilé yẹn?"

Ohùn ìyá rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn. "Baálé mi, ẹ jẹ́ kó sọ tán. Láti ọjọ́ tí mo ti délé yín, mi ò rí ẹni bá mi gbé ìkòkò ka iná lọ́jọ́ kan."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀." Bàbá náà wú ikọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa, kó tó fẹ̀yìn tì. "Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá kó ọrọ̀ fún mi. Mi ò mọ ilé ẹ̀, mi ò mọ bàbá ẹ̀. Ohun tí mo lè fi mọ̀ ọ́n kò ju ọ̀kan lọ: bó ṣe máa kí mi. Ẹni tí kò bá lè bọ̀wọ̀ fún mi kò lè tọ́jú ẹ. Kó jẹ́ kí n rí i."

Wọ́n dá ọjọ́. Nígbà tí àwọn tó jẹun ọ̀sán ti lọ tán, Màmá Àwo lé Oníbáàgì sí gbọ̀ngàn iwájú. "Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n fẹ́ wò. Lọ máa ká aṣọ ìnuwọ́." Ọwọ́ Màmá Àwo kún fún ọṣẹ, nítorí náà ó gbé fóònù rẹ̀ sórí pẹpẹ tí wọ́n ti ń gba àwo, ó fi agolo iyọ̀ gbé e ró, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ọbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wà lórí iná, fáànù ńlá tó ń fa èéfín jáde sì ń bú ramúramù lókè orí wọn.

"Bàbá, ọmọ yín rèé o! Ẹ wò ó dáadáa!"

Ọlọ́bẹ̀ ṣí fìlà funfun rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù náà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

Ó ń retí ohùn. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í dá ara rẹ̀ dìde, àgbà ló máa ń ní kó dìde. Ó gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn nínú fóònù, ṣùgbọ́n fáànù gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó tún retí. Kíkùn náà dákẹ́. Ojú fóònù dúdú.

"Dìde, ọmọ mi," ni Màmá Àwo wí.

"Wọn ò tíì ní kí n dìde."

"Fóònù ti kú."

"Màmá, wọn ò tíì ní kí n dìde."

Ó wà níbẹ̀ títí omi ilẹ̀ fi wọ inú ẹ̀wù rẹ̀ dé awọ. Ìgbà tí ọbẹ̀ hó dànù sínú iná ló tó dá ara rẹ̀ gbé nílẹ̀, bíi ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ìloro ilé onílé. Ó lọ pààrọ̀ ẹ̀wù.

Nínú gbọ̀ngàn, fóònù Oníbáàgì dún.

"Ọmọ tí o ní yóò kí mi," ni bàbá rẹ̀ wí, "bí wọ́n ṣe ní òun rèé, fìì, ó ti padà sídìí ọbẹ̀ ẹ̀! Mo pè é títí, ìkòkò ló ń wò mí lójú. Ìkòkò, lọ́jọ́ ogbó mi!"

Oníbáàgì wọ ilé ìdáná. Ọlọ́bẹ̀ ti dúró ti iná padà.

"Ṣé ẹ kí bàbá mi?"

Ó rọra yí padà. "Kí lo sọ?"

"Wọ́n ní ẹ ò kí àwọn. Wọ́n ní ẹ yí padà sídìí ọbẹ̀."

"Háà! Irọ́ gbuu!" Màmá Àwo kígbe. "Ojú mi yìí ló ṣe. Ọmọ yìí tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Bàbá ẹ ló fi í sílẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n pa fóònù."

"Bàbá mi kì í parọ́, Màmá."

"Èmi ló ń parọ́ nìyẹn?"

Oníbáàgì yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọjú sí Ọlọ́bẹ̀. "Ẹ̀yin fúnra yín ẹ sọ ọ́. Ṣé ẹ kí wọn?"

Ọlọ́bẹ̀ fi ṣíbí lélẹ̀. "Bí ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya bá ní láti bi mí bóyá mo kí bàbá òun, kí ni n ó máa dáhùn títí ọjọ́ ayé mi?" Ó dé fìlà rẹ̀, ó kọjú sí ìkòkò.

Ẹsẹ̀ tó ti ń gbìyànjú láti balẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Ó gbé báàgì rẹ̀.

* * *

Ó dé ìlú mìíràn. Ó tún ń kan ilẹ̀kùn: "Ṣé ẹ ń wá òṣìṣẹ́?" Wọ́n gbà á níbì kan, ó kúrò. Wọ́n gbà á níbòmíràn, ó tún kúrò. Ojú ọ̀nà ni ìsinmi rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ọ̀nà kò tu ú lára mọ́, ìjókòó kò sì tu ú lára. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló parọ́, èrò náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bàbá òun ni, ilé ta ni òun ó máa pè ní ilé? Bó bá sì jẹ́ Ọlọ́bẹ̀ ni, kí ló dé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá da ìdí ìkòkò nù níbikíbi, omi á lé sí òun lójú? Ó gbàdúrà títí, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Màmá Àwo pè é, kò gbé e. Kí ló fẹ́ sọ fún un?

Ibi tó wá gbẹ̀yìn sí, ilé oúnjẹ tó ń ṣe búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà nídìí ìyẹ̀fun, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti rì sínú rẹ̀ dé ìgúnpá, nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é lórí fídíò. Láti ọjọ́ tó ti délùú òkèèrè, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń fi gbé fóònù dání bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, bó bá kúnlẹ̀, fóònù náà á bá a dé ilẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ kò ṣófo. Fóònù náà ti fara ti agolo ṣúgà lórí tábìlì. Ó fi ìka kékeré kan ṣí i, ojú ìyá rẹ̀ yọ, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màámi."

Ó ń retí oríkì rẹ̀.

Oríkì kò wá. Ó tẹ orí ba sí i, bóyá ìyá rẹ̀ ń bínú nítorí pé ó ti pẹ́ tí kò pè. Ó ṣáà ń retí.

"Ọmọ mi?" ni ìyá rẹ̀ wí lókè. "Ọmọ mi o! Níbo lo tún gbà lọ báyìí? Bí mo ṣe rí ojú ẹ ni o pòórá. Agolo ni mò ń wò."

"Màámi, mo wà nílẹ̀ ńbí. Mò ń kúnlẹ̀ kí yín ni."

"O kúnlẹ̀? Mi ò rí ẹ o."

Oníbáàgì rántí ìkòkò tó ń wo bàbá rẹ̀ lójú. Ó wà lórí orúnkún rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹ̀fun ń já bọ́ láti ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún Bàbá."

Ojú bàbá rẹ̀ yọ, ó fajú ro.

"Bàbá, ẹ máa wò mí o. Ẹ má gbé ojú kúrò." Ó kúnlẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n? Ó ti lọ. Ìyá ẹ, kí lo tẹ̀ lára nǹkan yìí?"

"Mi ò lọ, Bàbá. Mo wà lẹ́sẹ̀ yín."

Awakọ̀ ni ọkùnrin náà. Ó mọ̀ pé bó ti wù kí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tóbi tó, ibì kan wà tí kì í fi hàn, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọkọ̀ jù lọ ni dígí náà kì í rí. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ yẹn.

"Ọmọkùnrin yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó wà nílẹ̀, Bàbá."

"Ta ló wá ní kó dìde?"

"Kò sẹ́ni tó ní kó dìde."

"Yéè." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Olúwa, má bi mí léèrè. Padà lọ, ọmọ mi. Má sọ ìdí ẹ̀ fún un. Ẹnu mi yìí ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

* * *

Yàrá Màmá Àwo ló kọ́kọ́ yà sí. Màmá Àwo fún un ní ibi tí yóò máa sùn sí, ó tún fún un ní ìṣó mélòó kan àti òòlù. Lẹ́yìn náà ló wá gba ẹ̀yìn wọ ilé oúnjẹ náà, báàgì lọ́wọ́.

Ọlọ́bẹ̀ rí i. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ bá kan báàgì. "O tún gbé e dání."

"Bàbá mi fẹ́ rí yín."

"Bàbá rẹ ti rí mi rí."

"Wọn ò rí yín. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ tí kò dọ̀tí, ó tún un nù. "Bí wọ́n bá tún fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́?"

"A jọ máa wà níbẹ̀ ni."

Oníbáàgì fúnra rẹ̀ ló pa fáànù. Ó gbé báàgì sí àárín ilé, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fídíò, ó gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi í ti báàgì náà. Ọlọ́bẹ̀ ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀. Oníbáàgì kúnlẹ̀ tì í.

"Mo rí ẹ," ni bàbá náà wí. Ilé ìdáná dákẹ́ rọ́rọ́. "Mo rí ẹ báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, o wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ń fi ojú wá ẹ lọ́nà jíjìn. Mo bínú sí ìkòkò. Mo fi ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò mọ̀. Ọmọ mi, má..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí báàgì fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó rọra tẹ̀, ó ká wọnú ara rẹ̀, ó sùn lọ pẹrẹsẹ. Fóònù fẹ̀yìn lélẹ̀.

Láti ibi tí orí rẹ̀ wà, Ọlọ́bẹ̀ ń wo báàgì náà. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́," ni Oníbáàgì fèsì. "Aṣọ mi wà lára ògiri yàrá Màmá. Àlùbọ́sà ni kí ẹ máa kó sí i."

Ọkùnrin náà fi iwájú orí kanlẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá Àwo kò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

"Ẹ tún ti gbé e lọ!" Ohùn bàbá náà jáde nílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àjà ni mò ń rí! Ọmọ yìí, níbo lo tún wà?"

"Mo wà lẹ́sẹ̀ yín, Bàbá," ni Ọlọ́bẹ̀ fèsì láti ilẹ̀.

Ohùn bàbá náà rọ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Dìde kíá. Èéfín ni mò ń rí lókè yìí. Ọbẹ̀ rẹ ń jóná."

Ìdí ìkòkò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá Àwo pàápàá rí tirẹ̀ jẹ.